Lẹ́tà Rọ̀bọ̀tọ̀ Tí Ọ̀gá Mi Kò Fẹ́ Rí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fọwọ́ lẹ́rán, tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fìdí kalẹ̀. Mi ò ní dá yín dúró pẹ́. Irọ́ ni o, màá dá yín dúró díẹ̀.

Sìdíkátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ ní Sìdíkátù lẹ ń wá, Sìdíkátù mẹ́rìnlá ni wọ́n máa fi hàn yín. Ìyá Rọ̀bọ̀tọ̀ ni kí ẹ sọ. Kì í ṣe nítorí ara mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ọ̀hún náà kò sọ pé òun ò sí níbẹ̀. Nítorí lẹ́tà tí mò ń kọ sára pátákó ni. Ẹ ti rí i rí. Lẹ́tà tó sanra, tí kò ní ẹnu ṣóńṣó níbì kankan, tí gbogbo igun rẹ̀ rí kìrìbìtì bí ìdí ìkòkò, àfi bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ó wà lára ilé búrẹ́dì, ó wà lára ọ̀rá omi, ó wà lára bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Òun ni mo fi jẹun láti ìgbà ọmọge títí orúnkún mi fi bá mi ṣàdéhùn pé a ò ní gun àkàbà mọ́.

Iye tí mo rí níbẹ̀ kò kàn yín. Ebi ò pa mí, mi ò jalè. Ó tó.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé. Mo ní mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ìyá mi ní, "Aránṣọ mélòó ló wà ní ojú títì wa?" Mo kà wọ́n, mo dé orí mọ́kànlá. Ó ní, "O wá fẹ́ di ìkejìlá, kí ẹ lè máa rán aṣọ fún ara yín?" Bó ṣe mú mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, ó di Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú tí ń kọ pátákó nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Átíìsì là ń pe àwa tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń wọlé, wọ́n á ní, "Ọmọ, pe ọ̀gá wá, kí o sì bá wa ra omi bọ̀." Tí mo bá ní èmi náà ń kọ́ṣẹ́ ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n má gbàgbé omi yẹn.

Ọ̀gá Múfú tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì jọ ọ́. Gígùn, ẹlẹ́sẹ̀ ṣóńṣó, ó dúró ṣánṣán bí sójà tí wọ́n ń bẹ̀ wò. Lẹ́tà tó bá ti yọ ikùn díẹ̀ báyìí, ó ní ó ti jẹ owó ìlú. Kí a tó kọ ohunkóhun, a máa fi ẹfun pa okùn, èèyàn méjì á fà á le lórí pátákó, ẹnì kan á fà á sókè, á jù ú sílẹ̀: pà! Ìlà funfun kan á hàn lókè, a tún ṣe ọ̀kan nísàlẹ̀. Òfin Ọ̀gá ni pé lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ kọjá okùn yẹn. Rúlà rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n lásán, ìka ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọdún kan gbáko ni mo fi fọ búrọ́ọ̀ṣì kí n tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Nígbà tí mo sì wá fọwọ́ kàn án, wàhálà dé. Ìwé mi kò pọ̀, torí náà mi ò mọ lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé ṣe mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn ni mo ṣe mọ̀ wọ́n. B jẹ́ ìyá olóyún tó tún ní ọmú. S jẹ́ òjòlá tó gbé ewúrẹ́ mì. O sì jẹ́ pọ́ọ̀fù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tín-ín-rín? Mo máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Ọ̀gá, kí n tó parí ìlà kan, gbogbo wọn á ti wú sókè bí ìyẹ̀fun tó gba ìwúkàrà. Bí a ti ṣe ebòlò tó, kò ní ṣe kó má rùn ìgbẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo kọ O, mo jẹ́ kó yọ díẹ̀ lókè okùn, mo jẹ́ kó yọ díẹ̀ nísàlẹ̀. Rúlà balẹ̀.

"Sìdí, kí ló ń ṣe lẹ́tà yìí?"

"Kò sí o, Ọ̀gá."

"Ó ti jáde nílé! Wò ó, orí rẹ̀ wà lóde, ìdí rẹ̀ wà lóde."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá jáde, ẹ ó rí i bíi pé ó kéré ju àwọn tó kù lọ. Ohun tó rí kìrìbìtì ni. Ẹ bọ́ sẹ́yìn kí ẹ wò ó."

Ó bọ́ sẹ́yìn lóòótọ́. Ó wò ó. Mo rí i pé ó rí i. Ó yí padà sí mi, ó ní, "Pa á rẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn wo lẹ́tà tí ọwọ́ mi fẹ́ kọ, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dáa. Ẹ lè ní ohun kékeré ni. Ẹ lọ bá ọ̀gá tí kì í yinni gbé fún ọdún mẹ́rin, kí ẹ padà wá bá mi.

Ó di ọdún kẹrin, ó kù kí n gba fíríìdọ̀mù. Ẹni tí ọ̀gá kò bá ṣe fíríìdọ̀mù fún, kò lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ẹgbẹ́ átíìsì á wá kó àkàbà rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìdánwò ni Ọ̀gá sì máa ń fún èèyàn kí ó tó ṣe é. Tèmi bọ́ sí ọ̀dọ̀ Àlùhájà Rámátù.

Opó ni Àlùhájà yìí. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ilé gbọọrọ kan sílẹ̀ fún un pẹ̀lú àgbàlá ńlá, àbúrò ọkọ tó ń gbé Ìbàdàn wá ní òun máa tà á. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ wa: ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé mọ́ lórí, ara ògiri ló máa ké gbàjarè sí. ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ọjọ́rú ni Àlùhájà sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní olùrà ń bọ̀ ní Sátidé.

Ọ̀gá pè mí. "Sìdí, lọ dá a ṣe. Ọ̀dà pupa. Lẹ́tà gígùn. Kí ẹni tó bá kà á rò pé ọlọ́pàá ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Bí o bá ṣe é bó ṣe yẹ, oṣù yìí náà ni fíríìdọ̀mù rẹ."

Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, lẹ́tà gígùn ni mo bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri àtijọ́ ni, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kòtò àti gegele. Ìlà tín-ín-rín mi máa rìn díẹ̀, á jìn sí kòtò. Ni mo bá mú ọ̀kan sanra kí ó lè bo kòtò mọ́lẹ̀. Ẹ ò sì lè mú ọ̀kan sanra kí ẹ fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebi. Nígbà tí mo dé ìparí ìlà, ọ̀dà pupa fẹ́ tán, mo bu funfun lé e. Ó di píǹkì. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àkàbà, mo wò ó láti òdìkejì títì. Wàláì, mo fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́tà ńlá, rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n fara ti ara wọn bí ọmọ àkọ́bí ọlọ́rọ̀. Àlùhájà kò mọ̀wé kà, ó jáde, ó pàtẹ́wọ́.

"Sìdí! Ó dùn ún wò! Ó ń ṣe mí bíi kí n gé e jẹ!"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura.

Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan dé, ó pọn ọmọ kan, ó fa èkejì lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àlùhájà. Èló ni tẹ́ẹ̀mù kan?"

"Tẹ́ẹ̀mù kí ni?"

"Jẹ́lé-ó-sinmi yín ni."

"Jẹ́lé-ó-sinmi ibo? Ṣé ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ni?"

"Ohun tí mo rí nìyẹn tí mo fi wọlé. Irú rẹ̀ ló wà lára ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àwọn méjì ti béèrè búrẹ́dì gbígbóná, ọ̀kan ní kí wọ́n fún òun ní yọ́gọ́ọ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú wa ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, wọn kì í ka ọ̀rọ̀. Ojú lẹ́tà ni wọ́n ń kà. Bí lẹ́tà bá bojú jẹ́, wọ́n á sá. Bó bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọlé.

Ìròyìn dé etí Ọ̀gá. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ lórí ọ̀kadà. Ó wo ògiri náà, ó bọ́ fìlà, ó jókòó sórí òkúta.

"Sìdí, ta lo ń dẹ́rù bà pẹ̀lú èyí?"

Mo ń fi aṣọ nu búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi.

"Mo ní ta lo ń dẹ́rù bà? Ehoro? Kódà ehoro á béèrè ìgbà tí oúnjẹ máa jinná!"

"Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Ògiri ni kò dáa."

"Ògiri ni kò dáa. Ògiri ló po píǹkì." Ó dìde. "Láàárọ̀ ọ̀la a máa ha gbogbo rẹ̀ kúrò kí olùrà tó dé. Bí ilé yìí bá bọ́ lọ́wọ́ ìyá yìí, ọwọ́ rẹ ló tà á."

Kì í ṣe fíríìdọ̀mù nìkan ni mò ń rò mọ́. Mò ń fojú inú wo ìyá àgbà yẹn tó ń gbé ẹní rẹ̀ kiri nítorí ìfẹ́ tí mo ní sí lẹ́tà O.

Sátidé, a gbé àkàbà dé kùtùkùtù. A ò tíì ha ju lẹ́tà kan lọ tí àwọn ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀rọ̀ ti ká àdúgbò pé jẹ́lé-ó-sinmi tuntun ti ṣí. Ìyá mẹ́fà, ọmọ bíi mẹ́wàá. Ta ló fẹ́ ráyè ṣàlàyé fún wọn! Ó ti rẹ Àlùhájà láti Ọjọ́bọ̀, ó kàn tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ó fún àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ. Ọ̀kan ń ké, ọ̀kan ń lé adìẹ, ọ̀kan ń tọ̀ sí ìdí òpó ilé.

Ni mọ́tò olùrà bá dé. Àbúrò ọkọ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, agbádá wà lápá. Ó nawọ́ sí ògiri.

"Alàgbà, ẹ má dá nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn lóhùn o. Eré ọmọdé ni."

Olùrà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìkìlọ̀ lẹ pe èyí? Èyí tó ń kí mi káàbọ̀!"

Ọ̀gá wo ojú mi. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fi wo ẹnikẹ́ni nínú yín.

Olùrà wọ àgbàlá. Ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ. Ọmọ tó ń lé adìẹ forí sọ ọ́ láàárín ẹsẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́fà yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí lèyí? Ilé ìwé ni wọ́n fi ibí ṣe?"

Ẹ wo Àlùhájà, ẹni tí kò mọ̀wé kà! Kò ṣẹ́jú. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ṣé ẹ ò rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri ni? Àwọn ìyá wọn ló jókòó yẹn."

"Ta ló fẹ́ ta ilé ìwé ọmọ wa?" Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ti dìde, ó ń tún ìró ró.

Olùrà ti ń fẹ̀yìn rìn. "Ẹ gbọ́, mo ti ra ilé tí ẹjọ́ ìdílé wà lórí rẹ̀ rí. Mo ti ra èyí tí ẹjọ́ kóòtù wà lórí rẹ̀. Èyí tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà wà lórí rẹ̀, mi ò rà." Ó wọ mọ́tò. Àbúrò ọkọ sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbádá lẹ́yìn bí àsíá. A ò tún rí wọn mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àlùhájà ṣí jẹ́lé-ó-sinmi lóòótọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ nìkan ni kí n yí padà, kí n má fọwọ́ kan ìsanra lẹ́tà. Mo rò pé Ọ̀gá máa yìn mí wàyí. Ó ní, "Orí ìyá yẹn ló yọ ọ́. Ọwọ́ rẹ kọ́." Ó gbé páànù àlòkù kan fún mi, ó ní ojoojúmọ́ ni kí n máa fi lẹ́tà gígùn kọ ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ sí i, kí n máa pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ títí ọyẹ́ fi wọlé tó sì tún jáde. Mo lè kọ ọ́ lójú oorun. Lẹ́yìn náà ló ṣe fíríìdọ̀mù fún mi, ó ṣàdúà gígùn, ó fà mí mọ́ra, ó sọ sí mi létí pé, "Ìwọ ni mo dá sílẹ̀ o. Mi ò dá lẹ́tà yẹn sílẹ̀."

Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Igbó. Ẹ̀kọ́ tí ògiri Àlùhájà kọ́ mi ni mo fi ń ta ọjà. Tí oníbàárà bá wọlé, mi ò ní béèrè ohun tó fẹ́ kọ. Màá béèrè pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wọlé, tàbí ẹ fẹ́ kí wọ́n sá?" Ẹni tó bá ń ta búrẹ́dì, ẹni tó ń dirun, ẹni tó ní ọmọ láti tọ́jú, mo fún un ní rọ̀bọ̀tọ̀. Lọ́yà àti ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tọ̀ sí ara ògiri òun, mo fún wọn ní lẹ́tà Ọ̀gá. Káfíńtà kan tó ń kan pósí wá, ó rí pátákó búrẹ́dì, ó wọ̀ ọ́ lójú.

"Ìyá, irú èyí ni mo fẹ́."

"Fún pósí?"

"Ó fani mọ́ra."

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sáré wọ inú rẹ̀ ni?"

Ó ronú, ó ní kí n ṣe gígùn.

Lẹ́tà sísanra ní àrùn tirẹ̀ náà o. Bí ẹ bá kọ ọ́ kéré jù, ihò inú rẹ̀ á dí. Olómi kan ní kí n ṣe ọ̀rá òun, ó fẹ́ kí àdírẹ́sì, àdúà àti orúkọ ìyá rẹ̀ wọlé síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní rọ̀bọ̀tọ̀. Mo kìlọ̀, kò gbọ́. Nígbà tí ọ̀rá dé, A rẹ̀ ti di òkúta, E rẹ̀ ti di bíríkì, orúkọ ìyá rẹ̀ wá dà bí ọ̀wọ́ ìkamùdù. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà sanra, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mí.

Ẹ má rò pé Ọ̀gá ti gbàgbé. Ọdọọdún ni mo ń gbé itan àgbò lọ fún un ní Iléyá. Á jẹun, á bi mí nípa àwọn ọmọ mi, á wá ní, "Àwọn alájẹkì rẹ ńkọ́?" Lẹ́tà mi ló ń bi. Màá ní wọ́n wà dáadáa. Á mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òkú fún.

Nígbà tó yá, fílẹ́ẹ̀sì, ìyẹn báńà onírọ́bà, dé. Ẹ̀rọ á tẹ báńà tó gùn ju ilé lọ kí ẹ tó mu omi tán. Gbogbo wa tí ń lo búrọ́ọ̀ṣì ń wo ara wa. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù Kọ́lá, ẹni tó kàwé ní yunifásítì tó fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ wa. Mo rí lẹ́tà kan lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Sísanra, rọ̀bọ̀tọ̀, kò ní ẹnu ṣóńṣó.

"Kọ́lá, ta ló jí lẹ́tà mi?"

"Mọ̀ọ́mì, fọ́ǹtì ni. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é, ó ti pẹ́."

"Wọ́n ti ń jalè tipẹ́ nìyẹn."

Mo súnmọ́ ọn. O rẹ̀ yọ díẹ̀ lókè, ó yọ díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo fẹ́ pe Ọ̀gá lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àbùkù kan ló ní: bí Kọ́lá bá kọ Ọ̀YỌ́, àmì ìsàlẹ̀ kò jáde, ó di ìlú àwọn ẹlòmíràn. Ìyẹn ló fún mi níṣẹ́ ní ọjọ́ ogbó. Kọ́lá á tẹ báńà, èmi á jókòó sórí àpótí, màá fi búrọ́ọ̀ṣì to àmì sí abẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìyá wọn. Kò gba àkàbà, orúnkún mi gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá yìí, ọmọbìnrin Ọ̀gá pè mí. Ó ní, "Bàbá ní kí ẹ wá. Wọ́n ní kí ẹ mú ọ̀dà dání." Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo dé Ọ̀yọ́. Ọ̀gá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ti túbọ̀ tín-ín-rín sí i, ojú rẹ̀ funfun láàárín.

"Sìdí, ojú ń lọ."

"Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọ, Ọ̀gá."

"Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé mi kọjá lójú títì. Gbogbo pátákó tí mo kọ láyé mi, bí irun ni mo rí wọn." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ti ilé búrẹ́dì kan ni mo rí kà."

Mo bu ètè jẹ.

"Má rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá."

"Mo ń gbọ́ ọ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ilẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́yìn yẹn. Ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lánàá, ìyá àwọn ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n jókòó sórí ìkòkò ọbẹ̀."

Mo ní kí wọ́n fún mi ní àpótí. Mo kọ́kọ́ kun ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní funfun, ó gbẹ, mo po ọ̀dà dúdú, mo wá kọ ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ sí i. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ fún ẹni tí mo fẹ́ràn: G tó jókòó bí ọba, B tó lóyún ìbejì, àmì ìsàlẹ̀ tó tó èso àgbálùmọ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, ó fọwọ́ ti ògiri, ó ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan òpó. Mo ń dúró. Ọmọ tí mo bí lẹ́yìn fíríìdọ̀mù mi ti ní ọmọ tirẹ̀, èmi sì ń dúró lórí àpótí bí ọmọ iṣẹ́ tó ń retí rúlà.

Ó rìn bọ̀, kò na ọwọ́ wá ọ̀nà, kò ṣìnà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó tì í. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú.

"Sìdí."

"Ọ̀gá?"

"Ó dáa."

Mo kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá mi. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Ó ti tó," ni ó dáhùn. "Kúrò níbẹ̀ wàyí, jẹ́ kí n ráyè."